Iṣẹ́ Òòjọ́ ní Halley, Ibùdó Orí Omi Dídì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ìhà gúúsù ayé pátápátá ni ilẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Antarctica. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oko. Omi dídì ni ó bo ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń lọ síbẹ̀ láti wádìí ayé. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn ni Halley, tí í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí pé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ti ṣe gbogbo wa ní oore, yálà ará Ghana ni wá tàbí ará Nàìjíríà, ará Togo tàbí ará Sierra Leone.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí à ń pè ní Royal Society tẹ ibùdó náà dó. Orí pẹpẹ omi dídì tí ó léfòó lórí òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Pẹpẹ yìí nípọn ju 100 mítà lọ, ó sì ń rọra rìn lọ sí ojú òkun lọ́dọọdún. Òjò dídì tí ń rọ̀ síbẹ̀ kì í yọ́. Ńṣe ni ó ń gorí ara rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ilé mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣe rì sínú rẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ sì fọ́ wọn. Ẹsẹ̀ irin ni a gbé ilé karùn-ún lé. Ìkẹfà tilẹ̀ wọ bàtà irin gbọọrọ. Nígbà tí omi dídì là nítòsí rẹ̀, wọ́n fi katakata wọ́ ọ lọ sí ibòmíràn tí ó jìnnà tó 23 kìlómítà, ní 2016 sí 2017. Láti 2017 ni ènìyàn kò ti gbé ibẹ̀ mọ́ ní ìgbà òtútù, nítorí ewu lílà yìí. Ìṣe àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà òtútù, nǹkan bí 105 ọjọ́ ni oòrùn kì í fi yọ rárá. Òtútù a máa dé ìwọ̀n 50 nísàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ sì ni inú fìríìsà tí à ń fi ẹja pamọ́ sí kì í sábà ju 20 nísàlẹ̀ òdo lọ. Bí ọkọ̀ òkun bá ti já oúnjẹ àti epo sílẹ̀ tí ó sì padà, àwọn tí ó ṣẹ́kù, tí wọn kì í sábà ju ogún lọ, di ọmọ ìyá kan náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Dókítà wà láàárín wọn, alásè wà, mẹkáníìkì àti káfíńtà wà, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀.

Kò sí kànga níbẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kó òjò dídì sínú àgbá tí ooru ń yọ́ ọ di omi. Ìjì ìbáà máa jà, ẹni tí ó kàn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́. Nínú ìjì bẹ́ẹ̀ ènìyàn kì í rí iwájú, nítorí náà wọ́n ta okùn láti ilé kan dé èkejì kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣìnà. Fífọ abọ́ àti gbígbá ilẹ̀ a máa yí kárí gbogbo wọn, olórí ibùdó kò yọ sílẹ̀. Ẹnìkan a sì máa ṣọ́ òru nítorí iná: bí ilé bá jó nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, níbo ni a ó sá sí?

Wọ́n tún ní àṣà kan tí ó dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá wọ̀ kẹ́yìn, ẹni tí ó dàgbà jù ni yóò sọ àsíá kalẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá padà yọ, ẹni tí ó kéré jù ni yóò ta tuntun sókè. Ní àárín òkùnkùn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, wọn a se àsè, wọn a sì fún ara wọn ní ẹ̀bùn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Wàyí o, kí ni iṣẹ́ kékeré tí mo wí? Ní òkè réré lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ kan wà tí à ń pè ní ósónì. Bí agboòrùn ni ó rí fún wa: ó ń dá ìtànṣán líle inú oòrùn dúró, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, kí ó sì ba ojú jẹ́. Ẹ̀rọ kan tí Dobson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Ẹ̀rọ náà ń fi oríṣi ìmọ́lẹ̀ oòrùn méjì wé ara wọn; èyí tí ósónì ń gbé mì jù ni yóò dín, iye tí ó sì dín ni a fi ń mọ bí ósónì ti pọ̀ tó. Ẹni tí iṣẹ́ náà kàn yóò wò ó, yóò sì kọ iye náà sínú ìwé. Bí wọ́n ti ń ṣe lónìí ni wọ́n ń ṣe lọ́la. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ti padà sílé, ẹlòmíràn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé kò sì dáwọ́ dúró fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù kẹwàá àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń kọ jẹ́ nǹkan bí 300. Nígbà tí ó fi di 1984, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 200. Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, tí wọ́n ń yẹ ìwé náà wò, kò kánjú. Wọ́n rò pé bóyá ẹ̀rọ ni ó gbó. A fi òmíràn ránṣẹ́, ohun kan náà ni ó sọ. Ní oṣù karùn-ún 1985 ni wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwọn afẹ́fẹ́ tí a ń lò nígbà náà nínú fìríìjì àti nínú agolo olóòórùn dídùn ni ó ń ba agboòrùn wa jẹ́. Ní 1987 àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal láti dín wọn kù. Nígbà tí ó fi di 2009, gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi ọwọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ retí pé ibi tí ó ti fà ya ní Antarctica yóò padà bọ̀ sípò ní nǹkan bí 2066.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tí kò ka owó rẹ̀ kò lè mọ̀ pé olè jà á. Bí ọ̀dọ́ tí ó wà níbẹ̀ ní 1960 bá ti jókòó sídìí iná, tí ó sì da iye àná kọ nítorí òtútù, ta ni ì bá mọ̀ lọ́jọ́ náà? Ṣùgbọ́n ní 1984, kò ní sí ohun tí a ó fi wé ti ìsinsìnyí.

Láìpẹ́ a ó gba ìwé-ẹ̀rí wa, a ó sì tú ká. A lè rán ẹlòmíràn nínú wa lọ sí abúlé tí alábẹ̀wò kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yóò wà lórí tábìlì rẹ̀ ní òwúrọ̀, bóyá pẹ̀lú ìgò tí a fi ń wọn òjò lẹ́yìn ilé. Kò ní sí ẹni tí yóò rí i bí ó bá kọ òótọ́ tàbí tí ó bá méfò. Kí ó rántí àwọn ará Halley, kí ó pe orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ohun tí ó rí.