Òkúta Wẹ́wẹ́ Abẹ́ Irin: Bí Ojú Irin Shinkansen Ṣe Ń Dúró Gbọn-in

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1964 ni wọ́n ṣí ọ̀nà Tokaido Shinkansen láàrin Tokyo àti Osaka ní orílẹ̀-èdè Japan. Kìlómítà 210 ní wákàtí kan ni eré tó ga jù nígbà náà. Lónìí ó ti di 285. Síbẹ̀, orí òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yìí ṣì wà.

Òkúta tí a fọ́, tó ní igun, ni wọ́n ń lò, nítorí pé igun ló ń mú kí òkúta há mọ́ra. Róbótó yóò máa yí kiri ni. Òun ló ń pín ẹrù ọkọ̀ ká ilẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí omi òjò ṣàn kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, igun a máa jẹ, ilẹ̀ a sì máa rì níbì kan ju ibòmíràn lọ. Níbi tó bá ti rì, ọkọ̀ tó ń sáré yóò gbá a. Gbígbá náà yóò tún mú un rì sí i, bí egbò tí a kò yéé họ. Láàrin ọ̀gànjọ́ òru sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí ọkọ̀ èrò kì í rìn, ni wọ́n ń ṣàtúnṣe. Ẹ̀rọ kan á gbé irin sókè, á ti ìka irin bọ àárín òkúta, á sì máa gbọ̀n wọ́n títí wọn yóò fi kì pinpin sábẹ́ àwọn ìdábùú kọnkéré. Ó ṣeni láàánú pé ìka yìí kan náà ń fọ́ òkúta díẹ̀díẹ̀.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Wọ́n ti jó irin pọ̀ mọ́ra, kò sí àlàfo láàrin wọn. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 30 lékún, irin oníkìlómítà kan tí ohunkóhun kò dì mú ìbá gùn sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Níwọ̀n bí kò ti ráàyè gùn, agbára náà há sínú rẹ̀. Bí òkúta ẹ̀gbẹ́ ìdábùú kò bá tó, irin lè wọ́ lójijì. Ìdí nìyí tí ojú irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe fi nílò ìṣọ́ra: òkúta rẹ̀ kò tíì jókòó dáadáa.

Nígbà tí wọ́n na ọ̀nà Sanyo dé Hakata ní 1975, pẹpẹ kọnkéré ni wọ́n tẹ́ sí ibi púpọ̀ dípò òkúta. Àtúnṣe rẹ̀ kéré, àmọ́ ó wọ́n, ó ń pariwo, bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá sì rì, wàhálà ńlá ni.

Ilẹ̀ ríri kò ka èyíkéyìí nínú méjèèjì sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004, ó ti ọkọ̀ Shinkansen kan kúrò lójú irin ní agbègbè Niigata. Kò sí ẹni tó kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í de irin kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú irin ní ọ̀nà Tokaido, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà yẹ̀.