Kẹ̀kẹ́ Agunkè Tòkúnbọ̀: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe, àti Bí A Ṣe Ń Tà Á

Olódì-Apápá àti Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí èbúté ńlá méjì, èyíinì ni èbúté Apápá àti ti Tin Can Island tí a ṣí ní ọdún 1977. Láti inú kọ̀nténà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó wá ni ọ̀pọ̀ ohun èlò tí àwọn ará òkè òkun ti lò rí ti ń jáde, kẹ̀kẹ́ sì wà lára wọn. Tòkúnbọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Nínú àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, irú kan wà tí táyà rẹ̀ nípọn tí ó sì rí págunpàgun, tí gíà rẹ̀ pọ̀, tí ó sì lè gba ojú ọ̀nà tí kò dára. Mountain bike ni àwọn Òyìnbó ń pè é; ní èdè wa a lè pè é ní kẹ̀kẹ́ agunkè.

Àgbẹ̀ tí ó rà á láti máa gùn ún lọ sí oko, tàbí òṣìṣẹ́ tí ó rà á láti máa gùn ún lọ sí èbúté, kò ra ohun ìṣeré. Bí férémù bá ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí bíréèkì kò mú níwájú tírélà, kì í ṣe owó nìkan ni yóò sọnù. Nítorí náà ó yẹ kí olùrà àti olùtà mọ ohun tí ọ̀dà títàn kò lè fi hàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtìjú ni láti gun kẹ̀kẹ́ tí a tò jọ láti ara àlòkù. Láti ara àlòkù ni kẹ̀kẹ́ agunkè fúnra rẹ̀ ti jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, ní agbègbè Marin ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá àwọn kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́ kiri, nítorí pé férémù wọn le, táyà wọn sì nípọn. Wọ́n a máa gùn wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù October, ọdún 1976, wọ́n ṣe eré ìje kan lórí òkè tí ó wà nítòsí ìlú Fairfax. Repack ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítorí pé bíréèkì inú họ́ọ̀bù a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ a fi di èéfín, tí ó sì di dandan kí wọ́n tún gíríìsì mìíràn fi sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n so gíà àti bíréèkì tí ó lágbára mọ́ wọn. Ní 1977, Joe Breeze ṣe férémù tuntun fún iṣẹ́ náà. Ní 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní 1981, ilé iṣẹ́ Specialized mú Stumpjumper jáde fún ọjà gbogbo ayé. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe sọ ògbólógbòó di ọ̀tun, bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́gbọ́n lè ṣe ní Olódì-Apápá, bí ó bá tẹ̀lé ètò.

Èkíní, férémù. Òun ni ìpìlẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, gbogbo owó tí a ná sí ìyókù ṣòfò. Kí a fi àkísà nu ún mọ́, kí a sì wò ó nínú oòrùn, pàápàá ní abẹ́ ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà, ní ibi tí irin ìjókòó ti wọlé, àti ní ìdí pẹ́dàlì. Bí ọ̀dà bá là bí irun orí, ó ṣe é ṣe kí irin abẹ́ rẹ̀ ti sán. Kí a gbé òòfà lé e: bí ó bá fà mọ́ ọn, irin ni, bí kò bá fà, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù. Wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ lè jó irin tí ó sán pọ̀. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà a máa sọ alumíníọ̀mù férémù di aláìlágbára, nítorí náà kí a má ṣe rà á bí ó bá ti sán. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Èkejì, ẹsẹ̀ àti táyà. Kí a gbé kẹ̀kẹ́ sókè, kí a yí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a wò bóyá ó ń yí gbọọrọ tàbí ó ń mì. Ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà 26 tí a kọ sára táyà a máa tan ènìyàn jẹ. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ agunkè jẹ́ mìlímítà 559 láti etí kan ríìmù dé èkejì, níbi tí táyà jókòó sí. Ṣùgbọ́n táyà kẹ̀kẹ́ ìgboro tí a kọ 26 x 1⅜ sí jẹ́ 590. Ọ̀kan kò lè wọ èkejì. Èyí tí a ń pè ní 27.5 jẹ́ 584, èyí tí a ń pè ní 29 sì jẹ́ 622. Nítorí náà, kí a wá nọ́ńbà tí ó dà bí 54-559: 54 ni ìbú táyà, 559 sì ni ti ríìmù.

Ẹ̀kẹta, ṣéènì. Rúlà kan tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a fi ìbẹ̀rẹ̀ rúlà sí àárín ìṣó kan, kí a sì ka ìṣó 24 tí ó tẹ̀ lé e. Bí ṣéènì bá ṣì jẹ́ tuntun, íǹṣì 12 gééré ni yóò jẹ́. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 16 íǹṣì lé, kí a pààrọ̀ ṣéènì. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 8 lé, ó ti jẹ irin eléyín ẹ̀yìn pẹ̀lú, owó méjì ni yóò sì gbà. Ṣéènì kan náà lè bá gíà ẹ̀yìn 6, 7 tàbí 8 mu. Ṣùgbọ́n ti 9 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ẹ́rẹ́ jù wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, bíréèkì. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń fún ríìmù, kí a wo rọ́bà rẹ̀ àti wáyà rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti òkun a máa mú kí wáyà dípàáàrà nínú ọ̀pá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olóròóró, kí a ṣọ́ra gidigidi. Bíréèkì Shimano ń lo òróró mineral; bí a bá da òróró bíréèkì mọ́tò sínú rẹ̀, yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, bíréèkì náà kò sì ní mú mọ́.

Nígbà tí a bá ń tún un ṣe, kí a kọ́kọ́ ná owó sórí bíréèkì, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ àti táyà, lẹ́yìn náà ṣéènì; ọ̀dà ni kí ó kẹ́yìn. Kì í sì ṣe gbogbo àtúnṣe ni àfikún. Bí ṣọ́kù iwájú bá ń jo òróró tí ìpáàrà sì ti jẹ ẹ́, fọ́ọ̀kì irin lásán tí ó bá a mu sàn fún ẹni tí ń ru ẹrù. Kí a sì rántí pé pẹ́dàlì ọ̀tún ń le sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n ti òsì ń le sí òsì. Ọ̀pọ̀ apá pẹ́dàlì ni àìmọ̀ èyí ti bà jẹ́.

Ní ti títà, kí olùtà ní ìwé ìṣirò. Bí àpẹẹrẹ, bí ó bá ra kẹ̀kẹ́ ní ₦70,000, tí ọkọ̀ gba ₦3,000, tí ohun èlò gba ₦15,000, tí iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ méjì sì tó ₦12,000, kẹ̀kẹ́ náà ti di ₦100,000. Ẹni tí ó tà á ní ₦95,000, tí ó ń yọ̀ pé òun jèrè ₦25,000, ti ṣe àṣedànù láìmọ̀. Kí ó kọ nọ́ńbà férémù, èyí tí ó sábà máa ń wà ní abẹ́ ìdí pẹ́dàlì, sínú rìsíìtì, kí a má baà pe olùrà ní olè lọ́jọ́ iwájú.

Kẹ̀kẹ́ tí férémù rẹ̀ ti sán kì í di asán. Kí a tú ẹsẹ̀, ìjókòó, gíà àti bíréèkì rẹ̀, kí a kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, kí a tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; nínú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí ó bàjẹ́ a lè rí méjì tí ó dára. Ṣùgbọ́n férémù alumíníọ̀mù tí ó ti sán, ayùn ni kí a fi gé e sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà kùn ún lọ́dà kí ó sì tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Olùtà tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè pàdánù èrè díẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n olùrà náà yóò padà wá, yóò sì mú aládùúgbò rẹ̀ wá pẹ̀lú.