Dídán, Títàn àti Híhàn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Atọ́ka-Iwájú Ìbọn Ìléwọ́

1. Ìfáàrà
Lórí ìbọn ìléwọ́, ohun kékeré méjì ni ayìnbọn fi ń mọ ibi tí ìbọn kọjú sí. Èyí tí ó wà nítòsí ẹnu ìbọn dúró ṣánṣán bí òpó. Èyí tí ó súnmọ́ ojú ayìnbọn sì ní àlàfo láàrin, kí a lè máa wo òpó náà láti inú rẹ̀. Bí a bá pe méjèèjì ní 'ojú ìbọn' lásán, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ èyí tí a ní kí ó tẹjú mọ́. Nítorí náà, a dábàá atọ́ka-iwájú fún èkínní, àti atọ́ka-ẹ̀yìn fún èkejì. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe ń mú kí atọ́ka-iwájú hàn dáadáa, àti ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ ọ́. Láti inú ìdíje ìbọn ìléwọ́ aláfẹ́fẹ́ ti mítà 10, èyí tí ó wọ Òlíńpíìkì ní ọdún 1988, ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa.

2. Ìdí tí atọ́ka-iwájú fi gbọ́dọ̀ hàn
Ojú ènìyàn kò lè rí ohun mẹ́ta kedere lẹ́ẹ̀kan náà bí jíjìn wọn kò bá dọ́gba. Atọ́ka-ẹ̀yìn, atọ́ka-iwájú àti àfojúsùn ni mẹ́ta tí a ń wí. Atọ́ka-iwájú ni a ń kọ́ ayìnbọn láti tẹjú mọ́, bí àfojúsùn tilẹ̀ ṣe bàìbàì. Ìṣirò ni yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Ká sọ pé mìlímítà 330 ni ó wà láàrin atọ́ka méjèèjì. Bí atọ́ka-iwájú bá fi mìlímítà 1 péré yà kúrò ní àárín àlàfo náà, ọta yóò fi nǹkan bí mìlímítà 30 ṣìnà ní mítà 10. Bẹ́ẹ̀ sì ni mìlímítà 11.5 ni ìbú òbìrìkìtì tí a ń gba máàkì 10 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìbọn bá sún sí ẹ̀gbẹ́ ní mìlímítà 1 láìyí, mìlímítà 1 náà ni ọta yóò fi ṣìnà.

3. Ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta
Ohun tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó máa ń hàn. Ìyàtọ̀-àwọ̀ ni a pe èyí. Òbìrìkìtì dúdú tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 59.5 ni ó wà láàrin àfojúsùn funfun. Ọ̀pọ̀ ayìnbọn a máa gbé atọ́ka-iwájú sí ibi funfun tí ó wà nísàlẹ̀ òbìrìkìtì yìí, kí dúdú lè hàn lórí funfun. Irin tí ó dán kò wúlò níbẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú lè ṣi etí rẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ayìnbọn fi ń fi dúdú èéfín àtùpà kùn ún, tí àwọn aṣèbọn sì ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ojú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà sí ojú ayìnbọn. Dídán rẹ̀ dínkù. Híhàn rẹ̀ pọ̀ sí i.

Bí ohun tí ó wà lẹ́yìn bá ṣókùnkùn, dúdú kò tún wúlò mọ́. A lè fi ọ̀dà kun àárín atọ́ka, ṣùgbọ́n kí a fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní dúdú. Ní ojúmọmọ, àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n bí ìyeyè, ní nǹkan bí nánómítà 555, ni ojú ń tètè rí jù. Nínú òkùnkùn, ó sún sí nǹkan bí 507. Nítorí náà pupa tí ó hàn gbangba lọ́sàn-án a máa di dúdú nírọ̀lẹ́.

Fọ́nrán ìmọ́lẹ̀ a máa gba ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, a sì máa tú u jáde ní orí; bí ilẹ̀ bá ṣú, kò ní ohun tí yóò tú jáde. Trítíọ̀m ni a ń lò láti mú kí atọ́ka tàn fúnra rẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 12.3, ìdajì rẹ̀ ni yóò kù. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá fọwọ́ kan atọ́ka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn.

4. Àbá
Atúmọ̀-èdè tí ó bá kọ 'jẹ́ kí ó dán' níbi tí ó yẹ kí ó kọ 'jẹ́ kí ó hàn' yóò mú kí ènìyàn máa nu ohun tí ó yẹ kí ó kùn ní dúdú. Nítorí náà:
Dídán: dídá ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ibòmíràn wá padà, bíi ti dígí.
Títàn: mímú ìmọ́lẹ̀ jáde láti ara ohun fúnra rẹ̀.
Híhàn: pípọ̀ ìyàtọ̀-àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè mọ etí ohun.

Olùkọ́ lè fi pátákó ìkọ̀wé dán àlàyé yìí wò. Bí pátákó bá dán, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń ta padà sí i kì í rí ohun tí a kọ. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ púpọ̀. Híhàn ni kò sí.