Ẹni Tó Ń Tètè Gbà Á, Ẹni Tó Ń Kọ́kọ́ Wò Ó: Irú Àgbẹ̀ Wo Ni Yín?

Bí a bá gbé irúgbìn tuntun dé àárín àgbẹ̀ mẹ́wàá, wọn kì í dá wa lóhùn bákan náà. Ọ̀kan á ti na ọwọ́ gbà á kí a tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹlòmíràn á ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ lágbájá ná, pé bó bá ṣe dáadáa lóko tiẹ̀, òun náà á gbà á lámọ̀ọ́dún. Òmíràn á kàn rẹ́rìn-ín, á ní èyí tí bàbá òun gbìn tó òun jẹ. Kì í ṣe pé ọ̀kan gbọ́n, tí èkejì gọ̀. Ìwà wọn ló yàtọ̀, ohun tí oníkálukú sì ń lé nínú oko náà yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ àgbàdo gidi, nǹkan bí ọdún 1928 ni irúgbìn àgbàdo hybrid bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó ń so ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń fara da ọ̀dá. Síbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n gbà á. Bryce Ryan àti Neal Gross bi àgbẹ̀ 259 léèrè níbẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1943. Nígbà tó fi máa di 1941, méjì péré nínú wọn ni kò tíì gbìn ín, ṣùgbọ́n ó ti gba àwọn mìíràn ní ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbà. Ẹnu àwọn tó ń ta irúgbìn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, àmọ́ oko aládùúgbò ló yí wọn lọ́kàn padà.

Ọmọ àgbẹ̀ kan wà ní Iowa yẹn, Everett Rogers lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ oko tuntun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ti àgbàdo hybrid rárá. Nígbà tó di 1936, ọ̀dá dá. Àgbàdo bàbá yìí rọ lóko, ti aládùúgbò tó gbin hybrid sì dúró gírí. Ìgbà náà ni bàbá tó gbà. Ọmọ yìí dàgbà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1962. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ dán nǹkan wò, bíi 13 tàbí 14 á tẹ̀ lé wọn, 34 á tún tẹ̀ lé ìyẹn, 34 mìíràn á dúró dìgbà tí kò bá sí iyèméjì mọ́, 16 á sì gbẹ̀yìn. Ìṣirò lásán ni o. Ẹ má lọ máa ka orí ènìyàn lábúlé yín!

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ti bàbá yẹn. Ẹnì kan náà yára nídìí ẹ̀rọ, ó lọ́ra nídìí irúgbìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín wa. Ẹlòmíràn tètè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó, àmọ́ kò jẹ́ pa irú iṣu rẹ̀ dà. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé “bí mo ṣe rí nìyẹn.” Ẹ bi ara yín pé nínú kí ni mo ti ń yára, nínú kí ni mo ti ń fà sẹ́yìn, kí ló sì fà á?

Àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń pe ẹni tó bá fà sẹ́yìn ní olóríkunkun. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní eéka kan ṣoṣo, tó ń fi bọ́ ọmọ mẹ́fà, bí ohun tuntun bá já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ebi ni. Irúgbìn hybrid, ọdọọdún la sì ń rà á, torí bí ẹ bá pa á mọ́ gbìn lẹ́ẹ̀kejì, kì í so bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ẹni tó bá ro gbogbo èyí kó tó dáhùn, ó ń ronú ni.

Èyí tó ń pa wá lára jù ni ti ẹni tó ń lé owó ọjà òní. Gàrí wọ́n lọ́dún yìí, gbogbo ènìyàn bá gbin pákí. Pákí á lo bí oṣù méjìlá nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa hú u, ti gbogbo abúlé ló dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, owó já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Inú bí wọn, wọ́n fi pákí sílẹ̀, gàrí tún wọ́n. Ẹni tó bá ń wo iwájú, iye ilẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ń kọ lẹ́bè ló ń kà kó tó gbìn. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ lé owó, oúnjẹ ilé ló ń wá. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kó gbin pákí ju bó ṣe yẹ lọ nítorí ariwo ọjà. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń lé kí ẹ tó yáwó.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń yára, ẹ wá ẹni tó ń rora ronú tì. Ó lè jẹ́ ìyàwó yín tó ń yan gàrí, torí òun ló mọ ohun tí ọjà ń sọ. Bí ẹ bá sì ń rora ṣe, ẹ má dúró de ọdún mẹ́wàá. Ẹ mú igun oko kan tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10. Ẹ gbin pákí tuntun síbẹ̀, bíi TMS 30572 tí IITA ní Ìbàdàn mú jáde, tó ń gbógun ti àrùn mòsáíìkì tó máa ń ká ewé jọ. Ẹ fi mítà kan sáàárín igi kan sí èkejì. Ọgọ́rùn-ún igi ló máa gbà. Ẹ gbin ti àtijọ́ sí irú igun bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń hú u, ẹ yọ ìlà etí kúrò, torí oòrùn àti àyè tó ń rí ju ti àárín lọ. 64 ló máa kù nínú ìkọ̀ọ̀kan. Abọ́ kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ yan gàrí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ka iye kóńgò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá tó máa ń ra gàrí lọ́wọ́ yín kó tọ́ méjèèjì wò kí ẹ tó gé igi pákí ti ọdún tó ń bọ̀.