Bí Omi Ti Ń Fọ́ Àpáta, àti Ohun tí Àgbẹ̀ Kòkó Lè Rí Kọ́ Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ẹ ń ro lónìí jẹ́ àpáta nígbà kan rí. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga yóò jẹ́rìí sí i: ilẹ̀ dúdú ni ó wà lókè, amọ̀ pupa ni ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà òkúta rírọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rún, kí a tó kan àpáta líle. Kí ni ó fọ́ àpáta náà? Omi ni olórí òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ òtútù yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ wa. A óò kọ́kọ́ sọ ti ilẹ̀ òtútù, nítorí pé níbẹ̀ ni agbára omi ti hàn gbangba.

Ohun púpọ̀ ni ó máa ń sún kì nígbà tí òtútù bá mú wọn. Omi kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá di yìnyín, ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i: omi tí ó kún ìgò 100 yóò fẹ́ àyè tí ó tó ìgò 109 bí ó bá dì. Ìdí nìyí tí ìgò tí a rọ omi kún dé ẹnu, tí a sì dé pinpin, fi máa ń fọ́ bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amómidì.

Ní ilẹ̀ òtútù, omi òjò àti omi yìnyín tí ó yọ́ a máa ṣàn wọ inú pàlàpálá àpáta ní ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí òtútù sì mú gidigidi, omi náà a dì, a fẹ̀, a sì máa ti àpáta sí ọ̀tún àti sí òsì. Àpáta kì í là ní òru ọjọ́ kan. Ojú pàlàpálá náà kàn ṣí díẹ̀ ni, bí ìbú fọ́nrán irun. Nígbà tí oòrùn bá yọ, yìnyín a yọ́, omi a sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, omi mìíràn a sì kún un. Yìnyín náà tún máa ń fa omi tí ó fara pamọ́ sínú òkúta mọ́ra, èyí sì ń mú kí ó tóbi sí i. Àwọn àgbà wa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Omi ni aláǹgbá yìí. Bí ó bá sì ti wọlé tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa la ẹnu ògiri sí i. Dídì àti yíyọ́ léraléra, láti ọdún dé ọdún, ni ó ń sọ àpáta ńlá di aláìlágbára.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, àpáta kan yọ síta lára òkè gíga, ó sì jọ ojú arúgbó ọkùnrin. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é ní Old Man of the Mountain, èyíinì ni Bàbá Arúgbó Orí Òkè. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀ sí ara owó ní ọdún 2000. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń sán, wọ́n fi irin dè é, wọ́n sì fi símẹ́ńtì dí ojú sísán rẹ̀. Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2003, ó wó lulẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi kì í dì sínú àpáta, nítorí pé òtútù wa kò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ omi kò sinmi níhìn-ín. Bí òjò ti ń gba inú afẹ́fẹ́ àti inú ewé jíjẹrà kọjá, ó ń kan díẹ̀. Omi kíkan yìí, pẹ̀lú ooru ilẹ̀ wa, ń mú kí òkúta jẹrà: apá kan a di amọ̀, àwọn hóró tí ó le jù a sì ṣẹ́kù bí iyanrìn. Gbòǹgbò igi pẹ̀lú ń wọ inú pàlàpálá, ó sì ń fẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti lè rí i lára àwọn àpáta Ìdànrè.

Iṣẹ́ yìí lọ́ra púpọ̀. Kí ilẹ̀ tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ tó ti ara àpáta jáde, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ni òjò líle fi lè gbá a lọ sínú odò, bí a bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ òkè yìí gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kòkó ti ń jẹun. Nítorí náà, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ má ṣe gbá ewé kòkó tí ó wọ́ sílẹ̀ kúrò, ẹ má sì sun ún. Èso tí ó ti jẹrà dúdú nìkan ni kí ẹ kó jáde nínú oko.

2. Ní ibi tí ilẹ̀ bá ti dagun, ẹ gbin kòkó ní ìlà tí ó dábùú òkè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlà náà kọjú sí ìsàlẹ̀.

3. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àárín kòkó kékeré, kí òjò má ba à máa lu ilẹ̀ ní tààrà.

4. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ rìn yí oko yín ká. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí gbòǹgbò kòkó tí ó yọ síta, omi ti ń kó ilẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹ to igi àti koríko dábùú ọ̀nà omi náà kí ó tó pẹ́ jù.