Owó Tí Yóò Bá Ni Kalẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ti ọmọ náà wò. Ó wà ní Èkó, ó ń san owó ilé, ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni ó ń fi ránṣẹ́ sílé, nígbà mìíràn kò sì ní í ṣẹ́ kù. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ bí àgbẹ̀, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ṣe lè ní owó ti ara wọn ní ọjọ́ ogbó.

Ní ilẹ̀ kòkó, oko ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn baba wa. Igi kòkó a máa bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún 3 sí 5, a sì máa bọ́ ilé fún ọdún púpọ̀. Àléébù kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà sọ: igi náà ń dàgbà pẹ̀lú olóko. Ẹni tí ó gbìn ín nígbà tí ó jẹ́ ẹni 30 ọdún, bí ó bá fi máa di ẹni 60, èso igi ti dínkù, agbára àtiro oko náà sì ti dínkù lára òun pẹ̀lú. Bí kò bá ti ń gbin òmíràn díẹ̀díẹ̀ láàárín, yóò rí i pé ó rẹ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àjọ ńkọ́? Ẹni tí ń dá náírà 500 lójúmọ́ fún alájọ yóò ti dá 15,000 ní oṣù ọlọ́jọ́ 30. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, 14,500 yóò bọ́ sọ́wọ́ olówó. Irú owó bẹ́ẹ̀ ti ra ọjà sí ìsọ̀, ó ti gba ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ ikú, a kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n kí á lè kó o ni a ṣe ń dá a. Kí ó tó pé ni ohun tí a ó fi í ṣe ti wà nílẹ̀. Bí owó ọjọ́ ogbó bá wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú owó ọdún yìí, bùkátà tí ń kígbe lónìí ni yóò kó méjèèjì lọ. Aṣọ ẹbí nìkan tó ó ṣe é, bí àwọn ìyàwó wa tilẹ̀ ń sọ pé ọtí àwa ọkùnrin ni.

Fún àwọn tí ń gba owó oṣù, òfin ti ya owó yìí sọ́tọ̀. Ṣáájú ọdún 2004, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kì í dá nǹkan kan. Inú àpò ìjọba ni a ti ń san owó ìfẹ̀yìntì, bí àpò bá sì gbẹ, arúgbó ni yóò dúró lórí ìlà. Òfin ọdún 2004 yí èyí padà, ti ọdún 2014 sì tún un ṣe. A ń yọ náírà 8 nínú 100 owó òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ń fi 10 tirẹ̀ kún un. Ẹni tí ń gba 100,000 lóṣù yóò ní 18,000 lóṣù, èyí tí í ṣe 216,000 lọ́dún, kí èrè tó gorí rẹ̀. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni ó wà lórí ìwé àpamọ́ náà, ó sì ń bá a lọ bí ó bá pààrọ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń fi owó náà ṣòwò yàtọ̀ sí èyí tí ń tọ́jú rẹ̀. Ó yẹ kí owó náà dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 sí ìgbà tí a san owó oṣù. Nítorí náà kí òṣìṣẹ́ máa béèrè ìwé ìṣirò rẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tí ń yọ owó tí wọn kì í san án.

Àgbẹ̀, aránṣọ àti awakọ̀ rí ètò tiwọn gbà ní ọdún 2019, lábẹ́ àjọ PenCom. Iye tí agbára bá ká ni ènìyàn ń san. Bí wọ́n ti là á kalẹ̀ lọ́dún náà, a ó pín owó náà sí méjì: 40 nínú 100 wà fún bùkátà òjijì, 60 wà fún ọjọ́ ogbó. Ìyá tí ń ta ẹ̀lùbọ́, tí ó ń san 3,000 lóṣù, yóò ní 14,400 fún bùkátà lọ́dún, àti 21,600 tí ọwọ́ kò lè tètè dé. Lójú tiwa, ìpín yìí ni ọgbọ́n inú ètò náà, nítorí pé ẹni tí kò ní owó àìsàn ni í tú owó ogbó jẹ. Ìlànà a máa yí padà. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé béèrè èyí tí ó wà lóde lọ́jọ́ tí ó bá dé ọ́fíìsì wọn.

A kò ní tan yín jẹ: ọ̀wọ́n ọjà ń jẹ owó tí ó wà nípamọ́, èrè tí ó ń gùn ún lè má tó o. Nítorí náà, kí oko má di igbó, kí ẹran ọ̀sìn má tán nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ebi pa ara rẹ̀ nísinsìnyí nítorí ọjọ́ iwájú. Ẹni tí kò jẹun, tí kò sinmi, lè má dé ibi tí ó ń tọ́jú owó dè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ajogún yín sínú ìwé náà, kí ẹ sì sọ fún ajogún náà pé owó wà níbẹ̀.