Ẹja Kò Mọ Ààlà: Ọkọ̀ Tó Ń Ka Ẹja Nínú Òkun

 

Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ jìnnà sí òkun, àmọ́ òkun ò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀ wa. Sáwá yíyan tí ẹ̀ ń rà lọ́jà, inú òkun ló ti wá. Tó bá wọ́n, gbogbo ilé ló máa mọ̀ ọ́n.

Báwo la ṣe wá ń mọ iye ẹja tó kù nínú omi tí ojú ò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Dr Fridtjof Nansen. Láti ọdún 1975 ni ilẹ̀ Nọ́wè àti FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ, ti jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ láti 2017. Àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè tó bá dé omi wọn máa ń wọ inú rẹ̀, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ á rán ìró lọ sísàlẹ̀ omi. Bí ìró bá kan ọ̀wọ́ ẹja, á padà wá, bí ohùn ṣe ń padà téèyàn bá kígbe sí òkè ní Sábẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò. Wọ́n á tún ju àwọ̀n, wọ́n á wọn ẹja, wọ́n á wò ó bóyá ó ti lẹ́yin nínú.

Láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè lẹ́bàá Gánà àti Côte d'Ivoire. Ó ń gbé ọ̀rá ìsàlẹ̀ òkun wá, bí ajílẹ̀ nínú oko. Oúnjẹ sáwá á pọ̀, sáwá á yé ẹyin. Sáwá yẹn náà ló ń dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Kò gba ìwé ìrìnnà. Bí ẹnì kan bá fi àwọ̀n olójú kéékèèké kó ọmọ ẹja lọ́hùn-ún, ọjà tiwa á gbẹ níbí. Sáwá ti dín kù gan-an ní Gánà. Ní 2019, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ ọlọ́pọ́n ibẹ̀ sinmi ẹja pípa fún oṣù kan.

Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Láti 2007, orílẹ̀-èdè mẹ́fà, láti Làìbéríà dé Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ sì wà níbẹ̀, ti ní ìgbìmọ̀ kan lórí ẹja pípa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jọ sọ ọ́: oṣù wo ni sáwá ń wọ́n jù lọ́jà yín? Ǹjẹ́ ó kéré ju ti àtijọ́ lọ? Tí ẹ bá rí wẹ́wẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ, ṣé ó yẹ ká rà á?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.